Ẹrù orí ọ̀kadà: Irinṣẹ́ ni àbí ẹ̀mí, èwo lẹ fẹ́ kó délé?

Tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, níbi tó ti gba Òṣíẹ̀lẹ̀ kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ò ní í pẹ́ẹ́ rí i pé ọ̀kadà kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gbé èèyàn nìkan mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ni, ilé ìkẹ́rùsí ni, ọmọlanke tó ń fi ẹ́ńjìnnì sáré sì ni. Bíríkìlà á gbé ṣọ́bìrì dábùú ẹ̀yìn ẹ̀, télọ̀ á ki orí máṣíìnì ìránṣọ sáàárín ara ẹ̀ àti ọlọ́kadà, ìyá olóúnjẹ á gbé kúlà ìrẹsì lé itan. Gbogbo wọn ló ń kánjú, gbogbo wọn ló fẹ́ẹ́ tètè débi iṣẹ́, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé Ọlọ́run yóò ṣọ́ àwọn.

Àmín ni o. Àmọ́ Ọlọ́run tí wọ́n ń pè yẹn náà ló fún ọmọ aráyé lọ́gbọ́n tí wọ́n fi ń so okùn. Ẹni tí kò so okùn ẹ̀ dáadáa, tó wáá ń ké pe Ọlọ́run lórí eré, kò yàtọ̀ sẹ́ni tó fi iná sórí òrùlé tó lọọ sùn.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ kó má baà di àríyànjiyàn: kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́rù lórí ọ̀kadà mọ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun nílùú yìí ni. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé ẹrù tó ń ṣeni léṣe lórí ọ̀kadà, kì í ṣe wíwúwo ẹ̀ nìkan ló ń fa wàhálà, ibi tí wọ́n gbé e sí àti bí wọ́n ṣe dè é ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí, ọwọ́ wa ló wà, kì í ṣe ọwọ́ ìjọba.

Òṣíẹ̀lẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹrù. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òdédá ló wà, ilẹ̀ oko ló yí i ká. Tọ́jọ́ ọjà bá pé, gàrí, ẹ̀gẹ́, iṣu, ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ á máa wọlé láti àwọn abúlé, ọ̀pọ̀ ọ̀nà abúlé náà ló sì jẹ́ pé mọ́tò kò lè gbà á, ọ̀kadà nìkan ló ń rí i wọ̀. Ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tíjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ wà. Ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún yẹn gan-an sì ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yà sọ́nà Alábàtà, Fásitì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988 wà níbẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń gbẹ́rù bọ̀, bẹ́ẹ̀ lakẹ́kọ̀ọ́ ń gbé tiẹ̀ lọ: fóòmù, ìkòkò, sítóòfù àti báàgì ìwé.

Àmọ́ tàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló le jù. Tíṣà máa gbé báàgì kan, akọ̀wé ọ́fíìsì máa gbé fáìlì, oníṣẹ́ ọwọ́ ní tiẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lódidi ló ń gbé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sùn ní Òṣíẹ̀lẹ̀ tàbí Ọbáńtokò, tó jẹ́ pé Kútọ̀, Sápọ́n tàbí Pánṣẹ́kẹ́ ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn lọ. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi irinṣẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín. Káfíńtà tó bá fi ayùn àti ìfági ẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́, ó lè má bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Olè tó gbé ayùn, kì í ṣe ayùn nìkan ló gbé, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ló gbé lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé gbogbo ẹ̀ lọ tí wọ́n sì ń gbé e bọ̀, lójoojúmọ́ ayé.

LÁTORÍ ÒṢÙKÁ DÓRÍ KÁRÍÀ

Kí mọ́tò tó dé, orí ni wọ́n fi ń gbẹ́rù. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú omi ń gba odò Ògùn gbẹ́rù wá sí Abẹ́òkúta láti apá Èkó, àmọ́ tẹ́rù bá ti délẹ̀, ó dọwọ́ aláàárù nìyẹn. Àwọn aláàárù yẹn ò lọ iléèwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ò mọ̀. Òṣùká ni wọ́n máa kọ́kọ́ ká, ẹrù náà sì gbọ́dọ̀ jókòó gbọnrangandan sáàárín orí. Tó bá ti fì sápá kan, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á tún un dì. Wọ́n mọ̀ pé ẹrù tó fì, tó bá rin ìrìn máìlì kan, ọrùn ló máa jìyà ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó bọ̀ gba Abẹ́òkúta kọjá tó sì wọ Ìbàdàn ní 1901, ọ̀pọ̀ ẹrù kúrò lórí èèyàn.

Máṣíìnì wọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tó yá. Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà yẹn ò jẹ́ gbàgbé owó Udoji láéláé. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji dábàá pé kíjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tówó náà jáde, ọ̀pọ̀ tíṣà àti akọ̀wé ló sáré lọọ ra Honda, Suzuki tàbí Yamaha. Ọ̀gá ni ẹni tó bá ní máṣíìnì láyé ìgbà náà. Báàgì awọ kékeré kan ló máa ń wà lórí káríà, ìwé àwọn ọmọ iléèwé ló wà nínú ẹ̀, ó parí.

Ìgbà tí ètò SAP ti ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dé ní 1986 ni nǹkan yí bìrí. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, mọ́tò wọ́n gógó, ni ẹni tó ní máṣíìnì bá gbé e síta kó máa fi pawó. Àwọn èèyàn fi orúkọ Okada Air pè é, ìyẹn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, orúkọ ẹ̀ ló ṣì ń sáré lójú títì wa. Àwọn Hausa ń pe tiwọn ní achaba, ní Kàlàbá alalok ni, ní Kutonu zemidjan ló ń jẹ́, ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Fọn sì ni pé "gbé mi kíákíá." Kíákíá ni gbogbo wọn ń wí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹrù níbẹ̀.

Ẹ tún wo báàgì onílà tá à ń pè ní Ghana-must-go. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 ni ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé káwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde ní Nàìjíríà. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Irú báàgì yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù sí, bí orúkọ náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Báàgì náà dára nílẹ̀, ó sì dára nínú bọ́ọ̀sì, àmọ́ ọ̀tá ọ̀kadà ni. Ara ẹ̀ ń yọ̀, kò síbi tí okùn ti lè dì í mú, ẹrù inú ẹ̀ á sì máa yí kiri bí ọ̀kadà ṣe ń bọ́ sí kòtò. Ẹni tó bá dè é le kankan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ lè rí i pé ó ti dẹ̀ kóun tó dé Ọbáńtokò.

Èyí tó wáá dá kún un ni ti ọdún 2023. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún náà, líta epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ níléepo ìjọba fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ọkọ̀ náà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti máa ń wọ ọ̀kadà fúnra ẹ̀, tó tún ń háyà òmíràn fún ẹrù ẹ̀, apá ẹ̀ ò ká a mọ́. Ló bá kó ara ẹ̀ àti ẹrù ẹ̀ jọ sórí ọ̀kadà kan ṣoṣo. Kò burú, ìyà ni. Àmọ́ ọ̀kadà náà ò mọ̀ pé nǹkan ti wọ́n.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ DÍẸ̀

Ọ̀kadà 100cc tó pọ̀ lójú títì wa, irú Bajaj Boxer, òun fúnra ẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi 110 kílò lọ. Ẹ jẹ́ ká ní ọlọ́kadà wọn 70 kílò, kí èrò ẹ̀yìn ẹ̀ náà wọn 70. Ó di 140. Ẹ wáá gbé àpò sìmẹ́ńtì kan kún un, àpò sìmẹ́ńtì kan sì rèé, 50 kílò ni. Gbogbo ẹ̀ di 190. Ìyẹn ni pé ohun tó wà lórí ọ̀kadà ti fi 80 kílò wúwo ju ọ̀kadà fúnra ẹ̀ lọ. Bíréèkì kan náà ló ní, táyà méjì náà ló ní, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi rà á náà ló ṣì wà nídìí ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé erin lórí kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ọlọ́kadà mìíràn á gbé erin tán, á tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀: á máa dá fóònù lóhùn, á máa já àárín tírélà méjì, á sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Béèyàn bá sọ eré di ìlọ́po 2, ibi tí ọ̀kadà máa sún dé kó tó dúró lẹ́yìn tó bá tẹ bíréèkì máa di ìlọ́po 4. Kò sí àdúrà tó ń yí ìṣirò yẹn padà.

Ibi tí wọ́n gbé ẹrù sí ló tún wáá burú jù. Táyà méjì ni ọ̀kadà ní. Ẹrù tó bá wà láàárín táyà méjèèjì, tó sì wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ máa gbé e. Àmọ́ ẹrù tó bá ti yọ kọjá táyà ẹ̀yìn, ṣe ló máa ń gbé táyà iwájú sókè. Hándù á wáá fúyẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà, á yí i sọ́tùn-ún, ọ̀kadà ò ní í tètè gbọ́. Orí òkè ló ti máa ń hàn jù, a sì mọ bí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣe jẹ́ òkè àti àpáta.

IBI MÁRÙN-ÚN TÍ WỌ́N TI Ń ṢÌ Í GBÉ

Àkọ́kọ́ ni orí táńkì epo. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn, wọ́n ní ọlọ́kadà á máa rí ẹrù náà. Lóòótọ́ ló ń rí i, àmọ́ ṣé hándù ń ríbi yí? Tí àpò ìrẹsì bá ti jókòó síbẹ̀, hándù ò lè yí dópin, ọlọ́kadà á sún sẹ́yìn, á na ọwọ́ gbọọrọ. Tí ewúrẹ́ bá já sójú títì lójijì, kò ní í lè yà fún un.

Ìkejì ni àárín èrò àti ọlọ́kadà. Ibẹ̀ làwọn télọ̀ ń gbé orí máṣíìnì sí. Irin ni, ó wúwo, etí ẹ̀ sì mú. Tí ọlọ́kadà bá tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn ẹ̀ ni irin náà máa sọ. Èrò tó jókòó sẹ́yìn ti sún débi tí ìdí ẹ̀ fi wà lórí káríà, kòtò kan péré ló kù kó fi balẹ̀.

Ìkẹta ni orí itan tàbí orí èrò fúnra ẹ̀. Èrò tó fọwọ́ méjèèjì di ẹrù mú, kí ló fi di ọ̀kadà mú? Tó bá jẹ́ fóòmù ni, ó tún burú, torí afẹ́fẹ́ máa ń gbé fóòmù bíi ti ìgbòkun. Ká ní tírélà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú eré, afẹ́fẹ́ tírélà yẹn nìkan tó láti yí ọ̀kadà náà dànù.

Ìkẹrin ni hándù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń so nílọ́ọ̀nù ẹ̀fọ́, kẹ̀ẹ̀gì ẹmu àti adìẹ mọ́. Ẹrù tó bá wà lápá kan hándù á máa fa ọ̀kadà sápá ibẹ̀. Tó bá gùn, ó lè kó sí sípóòkù táyà iwájú. Táyà iwájú tó bá há lójijì, orí ni ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀ máa fi lọlẹ̀.

Ìkarùn-ún ni ẹrù tí wọ́n gbé dábùú: ṣọ́bìrì, pákó, páìpù, irin ródù. Ọlọ́kadà ti mọ ibi tí ọ̀kadà ẹ̀ lè gbà, kò rántí pé òun ti fẹ̀ sí i láàárọ̀ yẹn. Ó máa gbà á, àmọ́ ẹnu ṣọ́bìrì á há mọ́ mọ́tò ẹlòmíràn, tàbí kó gba ọmọ iléèwé tó ń lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀ létí títì.

A ò tíì sọ ti okùn tó ń fì wálẹ̀, tó ń kó sí ṣéènì, tàbí ti ìró àti gèlè. A ò sì tíì sọ ti sàlẹ́ńsà, ọ̀pá èéfín tó ti jó ọ̀pọ̀ èèyàn ní ojúgun. Nílọ́ọ̀nù tó bá kàn án á yọ́ mọ́ ọn, ẹrù inú ẹ̀ á dà sílẹ̀. Tó bá wáá jẹ́ kẹ̀ẹ̀gì epo ni ńkọ́? Oníbàábà àti wẹ́dà tí wọ́n ń lo jẹnẹrétọ̀ máa ń gbé epo lórí ọ̀kadà bí ẹni gbé omi. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí alùpùpù ni wọ́n ń to kẹ̀ẹ̀gì epo tí wọ́n fàyàwọ́ kó láti Nàìjíríà jọ sí, wọ́n ń pe epo náà ní kpayo. Iná ti jó ọ̀pọ̀ èèyàn pa nídìí òwò yẹn. Epo kò ní ọ̀rẹ́. Kẹ̀ẹ̀gì tí ìdérí ẹ̀ ò le, tó wà nítòsí sàlẹ́ńsà tó gbóná, kò yẹ kó wà lórí ọ̀kadà tí èèyàn jókòó lé.

ỌMỌ KÌ Í ṢE ẸRÙ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìyá wa gbọ̀ngbọ̀n. Obìnrin á pọn ọmọ, á gbé báàgì ọjà lé itan, á sì jókòó ẹ̀gbẹ́ kan lórí ọ̀kadà. A mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bá a tọ́jú ọmọ nílé, a sì mọ̀ pé ọjà ò dúró de ẹnì kankan. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tí ẹrù bá já, a ó ra òmíràn. Tí gàrí bá dà, a ó gbá a jọ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn kò rí iwájú, kò lè di nǹkan kan mú, tí ìyá ẹ̀ bá sì ṣubú sẹ́yìn, òun ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Ẹni tó bá pọn ọmọ, kó má gbẹ́rù. Ẹni tó bá gbẹ́rù, kó bá ọmọ wá ọ̀nà mìíràn. Kó wọ bọ́ọ̀sì tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyẹn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Buba Marwa pè nígbà tó ṣèjọba Èkó láàárín 1996 sí 1999. Owó ẹ̀ lè fi díẹ̀ lé ti ọ̀kadà, àmọ́ kì í ṣe owó tí wọ́n ń gbà nílé ìwòsàn.

AKOTO ÀTI IGBÁ

Ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀ máa dé akoto, ìyẹn hẹ́mẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọlọ́kadà kan lápá Àríwá dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Ìròyìn ẹ̀ tàn ká gbogbo ayé, wọ́n rẹ́rìn-ín sí wa títí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ̀rín ẹlẹ́kún ni, torí orí tí wọ́n ń fi igbá bò yẹn, kò ní ìpààrọ̀.

Àwa ará Abẹ́òkúta gan-an ló sì yẹ ká mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kùn-únkúndùn jù. Ọmọ bíbí ìlú yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ni alága àkọ́kọ́ tí àjọ FRSC ní nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, náà sọ pé akoto tó dáa máa ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bíi 40 nínú 100 fún ẹni tó bá ní jàǹbá lórí alùpùpù, ó sì ń dín ewu kí orí fara gba ọgbẹ́ ńlá kù ní nǹkan bíi 70 nínú 100. Àwọn aláàárù ayé ọjọ́un ò gbẹ́rù láìká òṣùká. Akoto ni òṣùká ti ayé òde òní, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé orí lòun ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹrù.

BẸ́ Ẹ ṢE LÈ DÈ É TÍ KÒ NÍ Í JÁ

Rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà àtijọ́ ni wọ́n fi ń dẹrù jù níbi gbogbo. Ó dára, ó sì rọjú. Àléébù ẹ̀ ni pé ó ń fà. Tí ọ̀kadà bá bọ́ sí kòtò, rọ́bà á fà, ẹrù á fò sókè, á tún balẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni á máa rìn kúrò níbi tó wà. Nítorí náà, okùn tí kì í fà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi de ìdí ẹrù mọ́ káríà, kẹ́ ẹ tó fi rọ́bà fún un mọ́lẹ̀ lórí. Ẹ gbé e gba iwájú sẹ́yìn, ẹ tún gbé e gba ọ̀tún sósì, kó rí bí àgbélébùú. Okùn kan ṣoṣo kì í de ẹrù, ó kàn ń tàn yín ni. Rọ́bà tó bá ti sán, ẹ jù ú nù.

Ẹrù tó bá wúwo ni kó wà nísàlẹ̀, kó sì súnmọ́ èrò, èyí tó fúyẹ́ ni kó wà lókè. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ pín in sínú àpò méjì tó dọ́gba, kẹ́ ẹ fi wọ́n kọ́ ọ̀tún àti òsì káríà báwọn Hausa ṣe ń di ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àmọ́ kó má kan sàlẹ́ńsà o. Ẹ fi àpò yí ẹnu ayùn àti gbogbo ohun tó mú. Ọ̀bẹ àti síṣọ́ọ̀sì, inú àpótí ni kó wà, kì í ṣe àpò ṣòkòtò. Ẹ ká ẹnu okùn tó bá ṣẹ́ kù, kẹ́ ẹ kì í bọnú.

Tẹ́ ẹ bá so ó tán, ẹ di ẹrù náà mú, kẹ́ ẹ mì ín. Tó bá jẹ́ ẹrù nìkan ló mì, okùn yẹn ò tíì dúró, ẹ tú u. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kadà lódidi ló ń bá a mì, ó ti dé nìyẹn. Ẹ tún dúró lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọlọ́kadà tó mọṣẹ́ máa ń fún táyà ẹ̀yìn ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ fọkanáísà tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ gbẹ́rù tó wúwo. Táyà tó rọ̀ lábẹ́ ẹrù máa ń gbóná, ó sì lè bẹ́.

TÓ BÁ JÁ, TA NI YÓÒ SAN?

Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè kí wọ́n tó gbéra nìyí. Èrò á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi gbé e síwájú." Ọlọ́kadà á ní, "Màmá, ẹ gùn ún, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n á dúnàádúrà owó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn ò ní í sọ̀rọ̀ okùn fún ìṣẹ́jú kan. Tí kíréètì ẹyin bá wáá balẹ̀, ẹyin 30 ló wà nínú ẹ̀, ariwo á sọ. Èrò á ní ọlọ́kadà ló sáré jù, ọlọ́kadà á ní èrò ni kò dì í mú. Àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á bá wọn dá sí i, wọ́n á ní kí ìyá náà fara mọ́ ọn. Ẹyin ti fọ́, kò sẹ́ni tó san nǹkan kan.

Ti ẹyin tún kéré. Tó bá jẹ́ orí máṣíìnì télọ̀ ló balẹ̀ ńkọ́? Aṣọ àwọn oníbàárà wà nílẹ̀, òde sì ni wọ́n fẹ́ẹ́ wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ìpalára ìṣẹ́jú kan lè di gbèsè oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gùn ún, ẹ ṣàdéhùn. Ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹrù, ẹ bèèrè pé ta ló máa dè é, kẹ́ ẹ sì sọ fún ọlọ́kadà pé ẹ ò sáré. Ọlọ́kadà náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹrù yìí pọ̀ ju agbára òun lọ. Èyí tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, olóòótọ́ ni.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò ná èèyàn lówó púpọ̀. Bíríkìlà mẹ́rin tó ń lọ síbi iṣẹ́ kan náà lè dáwó jọ háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fún irinṣẹ́ wọn. Wọ́n lè ra àpótí irin kan tó ní kádọ́rọ̀, kí wọ́n dè é mọ́ ibi tó dúró níbi iṣẹ́, kó jẹ́ pé ohun kéékèèké nìkan ni wọ́n á máa gbé lọ sílé. Télọ̀ lè bá oníṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, kó máa fún un ní nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù kó lè máa bá a tọ́jú máṣíìnì ẹ̀ mọ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé, kó gbé fóòmù ẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi owó ọkọ̀ kan pamọ́ lónìí tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀ dí i, ìṣirò yẹn ò jọ ara wọn.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú, àwọn àgbà ní kì í bàjẹ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ ló ni irinṣẹ́, kì í ṣe irinṣẹ́ ló ni ín. Láàárọ̀ ọ̀la, tẹ́ ẹ bá ti gbé ẹrù yín lé káríà, tí ọlọ́kadà sì ti ń tẹ hóòǹ pé kẹ́ ẹ máa bọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ mi ẹrù náà wò ná.